Ta Ló Fún Wọn Ní Láísẹ́ǹsì?

Ẹnìkan bi mí léèrè rí pé ta ló kọ́ Délima Muise ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tó fi ń wàásù fún gbogbo obìnrin èbúté wa. Ìbéèrè tó tọ́ ni, n kò sì fẹ́ fi ìkánjú dá a lóhùn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀, láàárín ogójì ìṣẹ́jú, lórí tábìlì àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn kan ní Nova Scotia, ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ọjọ́ Ìdàgèrè. Ọjọ́ Ìdàgèrè ni Ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn nínú oṣù kọkànlá, tí gbogbo ọkọ̀ etí òkun wa máa ń kó ìgèrè lọ dà sómi láti mú lọ́bísítà, edé ńlá tó ní ọwọ́ bí ẹ̀mú.

Èmi ni mo fi mọ́tò gbé e lọ, èmi ni mo sì jókòó sórí àga kan ṣoṣo tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àlejò. Délima wá gun tábìlì àyẹ̀wò, bàtà rọ́bà rẹ̀ ń mì dirodiro. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ó ní ọkọ̀ tirẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà sì ti gba etí rẹ̀ òsì lọ́wọ́ rẹ̀. Dókítà Wentzell wọlé pẹ̀lú fáìlì. Ọmọbìnrin Halifax, ìlú ńlá, ni, kò tíì pé ọdún márùndínlógójì, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí rí. Délima ní kí n kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, kí n má sì fi iyọ̀ sí i. N kò fi sí i.

DÓKÍTÀ: Ẹ kú ìjókòó, Màmá.

DÉLIMA: Màmá ta? Ọ̀gá ni wọ́n ń pè mí. Mo ní ọkọ̀.

DÓKÍTÀ: Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ọrùn yín ni mo fẹ́ bá yín sọ.

DÉLIMA: Ọ̀run kẹ̀? Ta ló sọ fún ọ pé mò ń lọ?

DÓKÍTÀ: Ọrùn. Mi ò pe ọ̀run.

DÉLIMA: Ọrùn kò dùn mí. Èjìká ló ń dùn mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fa ìgèrè. Fún mi ní ìpara tó ń ta, kí n máa lọ.

DÓKÍTÀ: Ọrùn ilé ọmọ ni mò ń sọ.

DÉLIMA: Hẹn. Ibẹ̀ yẹn. Ilé yẹn ti wà ní títì láti ọjọ́ tí Basile ọkọ mi ti kú. Kò sí ayálégbé.

DÓKÍTÀ: Ó jọ pé ẹnìkan kò tíì kó jáde.

(Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. N kò mọ̀ títí dòní bóyá àwàdà ni.)

DÓKÍTÀ: A ti wo inú sẹ́ẹ̀lì yín.

DÉLIMA: Sẹ́ẹ̀lì? Èmi? N ò sùn sí sẹ́ẹ̀lì rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí àwọn aláṣẹ ẹja mú mi, torí lọ́bísítà méjì tí kò tó òṣùwọ̀n ni, wọ́n sì ti fi mí sílẹ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀.

DÓKÍTÀ: Sẹ́ẹ̀lì inú ara, Ọ̀gá. Àwọn ìyẹ̀wù kéékèèké tí ara wa fi kọ́lé. Ẹ rántí pé nọ́ọ̀sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan ha díẹ̀ lára yín lóṣù tó kọjá.

DÉLIMA: Báwo ni mo ṣe máa gbàgbé? Ó ní kí n dẹra. Ta ló ń dẹra níbẹ̀?

DÓKÍTÀ: Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, okùn mẹ́rìndínláàádọ́ta ló wà.

DÉLIMA: Òkun mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọ̀kan péré ni mo mọ̀, òun náà kò sì ṣe dáadáa sí mi lọ́dún tó kọjá.

DÓKÍTÀ: Okùn, Ọ̀gá. Okùn bíi ti ìgèrè.

DÉLIMA: O rí i, ìwọ ni o kò la ẹnu. Okùn. Báwo ló ṣe nípọn tó?

DÓKÍTÀ: Kò nípọn rárá. Ojú lásán kò lè rí i.

DÉLIMA: Okùn tí ojú kò rí, kí ló lè fà?

DÓKÍTÀ: Òun ló fa gbogbo ohun tí ẹ jẹ́. Àwọ̀ ojú yín, bí ẹ ṣe ga tó —

DÉLIMA: Ìwà mi ńkọ́?

DÓKÍTÀ: Ó ṣeé ṣe kó fa díẹ̀ nínú ìyẹn náà.

DÉLIMA: Nígbà náà, okùn yẹn lókun.

(Dókítà kọ nǹkan sínú fáìlì. Mo nà sókè díẹ̀ láti rí i, n kò rí i.)

DÓKÍTÀ: Ní ìpẹ̀kun okùn kọ̀ọ̀kan, ìdì kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kó tú.

DÉLIMA: Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Okùn tí a kò dì lẹ́nu, irùngbọ̀n ni yóò dà. Òwú tí mo ti fi ìda pa lára ni mo fi ń dì tèmi. Rhéal tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lọ́kọ̀, iná ló fi ń jó ẹnu tirẹ̀. Ọ̀lẹ ni. Kí lẹ̀yin fi dì í?

DÓKÍTÀ: Àwa kọ́ la dì í. Bí wọ́n ṣe bí yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí sẹ́ẹ̀lì kan bá pín sí méjì, ìdì náà á kúrú díẹ̀. Tó bá kúrú jù, sẹ́ẹ̀lì náà kò ní pín mọ́. Á sinmi, tàbí kó kú.

DÉLIMA: Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ohun gbogbo ló ń gbó. Ọkọ̀ mi àkọ́kọ́ náà gbó.

DÓKÍTÀ: Àmọ́ ohun kan wà tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Bí ìdì náà bá ṣe ń kúrú, á máa fi kún un. Tẹlomeréèsì lorúkọ rẹ̀.

DÉLIMA: Tẹ̀lé ta?

DÓKÍTÀ: Tẹlomeréèsì.

DÉLIMA: N ò tẹ̀lé Moríìsì lọ síbì kankan.

DÓKÍTÀ: Ọ̀gá —

DÉLIMA: Ọdún méje rèé tí èmi àti Moríìsì kò ti kí ara wa. Ó da ìgèrè rẹ̀ lé tèmi lórí, okùn gun okùn, ó wá ní ìgbì ló gbé e débẹ̀. Ọjọ́ yẹn, omi dákẹ́ bí àwo ọbẹ̀.

DÓKÍTÀ: Kò sí Moríìsì kankan nínú sẹ́ẹ̀lì yín.

DÉLIMA: Ìwọ ni o kò mọ̀ ọ́n. Kò síbi tí kò sí.

DÓKÍTÀ: Ẹ jẹ́ ká kàn pè é ní Olùdì.

DÉLIMA: Ìyẹn dáa. Orúkọ ọmọlúàbí nìyẹn.

DÓKÍTÀ: Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara àgbàlagbà, ṣe ni Olùdì máa ń sùn. Ó sì yẹ kó sùn. Ẹ̀dá bíi lọ́bísítà ló jẹ́ pé tiwọn kì í sùn.

(Ibí ni Dókítà ti ṣàṣìṣe. Ó rò pé òun ń bá èèyàn òkun sọ èdè òkun. Délima, tó ti ń wo aago ara ògiri, gbójú kúrò lára aago.)

DÉLIMA: Tún un sọ.

DÓKÍTÀ: Àwọn onímọ̀ wá a nínú ara lọ́bísítà láti orí dé ìrù. Wọ́n rí i níbi gbogbo, lára èyí tó kéré àti èyí tó dàgbà.

DÉLIMA: Ìdí tí wọn kì í fi í gbó nìyẹn.

DÓKÍTÀ: Wọ́n ń kú o. Àmọ́ ogbó kì í tètè hàn lára wọn bíi tiwa.

DÉLIMA: Mo mú ọ̀kan nígbà kan tí ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tóbi ju bàtà yìí lọ. Ó wò mí, mo wò ó. Mo dá a padà sómi, torí ó jọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Tèmi wá ńkọ́? Olùdì inú mi, ṣé ó ń sùn?

DÓKÍTÀ: Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn. Ó jọ pé ó ti jí.

DÉLIMA: Ó ti jí.

DÓKÍTÀ: Ìlànà tí ara fi ń ṣe é wà ní ojú ibì kan lára okùn kẹta. Ẹ̀dà ìlànà náà ti pọ̀ jù nínú tiyín. Méjì péré ló yẹ ká rí nínú sẹ́ẹ̀lì kan. A rí sẹ́ẹ̀lì tó ní ẹ̀dà mẹ́rin, a rí òmíràn tó ní márùn-ún, a rí ọ̀kan tó ní méje.

DÉLIMA: Ẹ̀dá méje wà nínú mi.

DÓKÍTÀ: Ẹ̀dà.

DÉLIMA: Ohun tí mo wí náà nìyẹn. Ní ọjọ́ orí mi. Nígbà tí agbára wà pàápàá, ọmọ méjì ni mo bí.

DÓKÍTÀ: Ẹ̀dà, Ọ̀gá. Bíi fọ́tòkọ́pì.

DÉLIMA: Kí ló dé tí o kò ti sọ fọ́tòkọ́pì látàárọ̀?

(Délima ronú. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí kùrukùru bá ń kúrò lórí èbúté.)

DÉLIMA: Jẹ́ kí n mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ yé. Ohun tí kì í jẹ́ kí lọ́bísítà gbó, èmi náà ní in.

DÓKÍTÀ: Ẹ ní in, àmọ́ —

DÉLIMA: Mo tún wá ní fọ́tòkọ́pì rẹ̀ méje.

DÓKÍTÀ: Nínú sẹ́ẹ̀lì kan, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ —

DÉLIMA: N kò ní gbó.

(Ó bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì, ó nawọ́ mú kóòtù rẹ̀.)

DÉLIMA: O ṣeun, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ìròyìn tó dùn tó báyìí. Kí n tó lọ, ṣé mo máa bọ́ èèpo ni?

DÓKÍTÀ: Bọ́ kí ni?

DÉLIMA: Èèpo. Bí lọ́bísítà ṣe máa ń bọ́ èèpo kó lè tóbi sí i. Kí n kàn mọ̀ ni, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀wù òjò tuntun.

DÓKÍTÀ: Ọ̀gá Délima, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ìròyìn rere kọ́ ni. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kò ní gbó. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ni kò fẹ́ kú nígbà tó yẹ kí wọ́n kú.

DÉLIMA: Mo mọ ẹni tó kọ̀ láti kú. Ìyá ọkọ mi lo ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún. Kò pa ẹnikẹ́ni lára.

(Ó gbé kóòtù rẹ̀ sí apá kejì.)

DÉLIMA: Ó dáa, ó pa mí lára.

DÓKÍTÀ: Ká ní ìyá ọkọ yín yẹn wá ń bímọ lójoojúmọ́ nínú ilé yín. Àwọn ọmọ náà ń bímọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ kú, wọ́n sì fẹ́ gba yàrá kọ̀ọ̀kan.

(Délima gbé kóòtù rẹ̀ sílẹ̀. Ó padà sórí tábìlì.)

DÉLIMA: Fi hàn mí.

(Dókítà yọ àwòrán kan nínú fáìlì. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan rí róbótó, àwọ̀ búlúù, lórí ilẹ̀ dúdú. Àwọn àmì pupa tín-ín-tín ń tàn nínú wọn.)

DÉLIMA: Ṣé bó ṣe ń tàn nínú mi nìyí? Basile ì bá ti sọ fún mi.

DÓKÍTÀ: Kì í tàn nínú yín. Àwa la fi ohun kan tó ń tàn sàmì sí i, ká lè rí i kà. Àmì pupa kan, ẹ̀dà kan. Ẹ jẹ́ kí n kà wọ́n fún yín.

DÉLIMA: Dákẹ́ ná. Ohun pupa tó léfòó lórí omi dúdú ni mò ń kà láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wá. Ibi tí wọ́n bá ti rí i, ìgèrè ẹnìkan wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

(Ó na àwòrán náà jìnnà sí ojú rẹ̀, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.)

DÉLIMA: Èyí, méjì. Èyí, méjì. Èyí, méjì. Èyí, márùn-ún. Èyí, mẹ́rin. Èyí, mẹ́rin. Mélòó lo ní èyí jẹ́?

DÓKÍTÀ: Méje.

DÉLIMA: Mẹ́jọ ni.

DÓKÍTÀ: Èèyàn méjì ló kà á, Ọ̀gá. Méje ni àwọn méjèèjì rí.

DÉLIMA: Kí àwọn méjèèjì wá. Wò ó níbí. Méjì ló fara tira, ọ̀kan gun èkejì lórí. Ìṣe Moríìsì gan-an nìyẹn.

(Dókítà mú gíláàsì tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Ó wò ó, ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà sórí méje, ó sì kọ mẹ́jọ. Délima kò yọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ ti yí padà.)

DÉLIMA: Àwọn wọ̀nyí. Ta ló fún wọn ní láísẹ́ǹsì?

DÓKÍTÀ: Láísẹ́ǹsì kẹ̀?

DÉLIMA: Irínwó ìgèrè ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ìwé àṣẹ mi sọ. N kò fi ẹyọ kan lé e rí láyé mi, àní nígbà tí ẹnikẹ́ni kò wò mí. O ní sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, méjì ni tirẹ̀. Ẹni tó bá wá lọ da mẹ́jọ, olè ni.

DÓKÍTÀ: Ẹ lè fi wé bẹ́ẹ̀.

DÉLIMA: N kò fi wé nǹkan kan. Olè ni. Àwọn aláṣẹ dà? Ṣé kò sí ẹni tó ń ṣọ́ omi nínú mi ni?

DÓKÍTÀ: Wọ́n wà. Kòkòrò àìfojúrí kan ló ṣẹ́gun wọn. HPV là ń pè é. Ó ti wọlé tipẹ́, bóyá ogún ọdún, bóyá ọgbọ̀n. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé á pa àwọn ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó dá sẹ́ẹ̀lì burúkú dúró.

DÉLIMA: Ọ̀nà wo ló gbà wọlé?

(Dókítà wú ikọ́.)

DÓKÍTÀ: Ọ̀nà tí ọkùnrin àti obìnrin ń gbà… súnmọ́ ara wọn.

DÉLIMA: Basile ló mú un wálé.

DÓKÍTÀ: Kò sẹ́ni tó lè sọ ìyẹn. Ó lè ti wà kí ẹ tó mọ̀ ọ́n. Díẹ̀ ló kù kó jẹ́ gbogbo èèyàn ló ń ní in lẹ́ẹ̀kan láyé wọn, ara ọ̀pọ̀ sì máa ń lé e lọ.

DÉLIMA: Basile ni. Gbogbo ohun tó bá mú wálé, á ní òun kàn rí i létí omi ni.

(Mo rẹ́rìn-ín. Dókítà náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Délima nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí àwòrán náà.)

DÉLIMA: Ṣé jẹjẹrẹ ni?

DÓKÍTÀ: Kò tíì dà á. Ó wà lẹ́nu ọ̀nà.

DÉLIMA: Ó kàn dúró síbẹ̀.

DÓKÍTÀ: Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ní ohun tó wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, tó sì máa ń yí padà lọ fúnra rẹ̀. Ìdí tí a fi ń ka àmì nìyẹn, ká lè mọ èyí tó máa padà. Èyí tí àmì rẹ̀ bá dúró sí méjì sábà máa ń padà. Èyí tó bá ti di mẹ́rin, márùn-ún, kì í sábà padà.

DÉLIMA: Kì í sábà.

DÓKÍTÀ: N kò ní ọ̀rọ̀ tó le ju ìyẹn lọ.

DÉLIMA: Ó dára. Mo fẹ́ràn ẹni tó mọ ibi tí okùn rẹ̀ gùn dé. Ṣé ọrùn nìkan ló ti ń ṣe báyìí?

DÓKÍTÀ: Rárá o. A máa ń rí ẹ̀dà àpọ̀jù yìí kan náà nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, nínú ti ọ̀fun, nínú ti ilé ẹyin obìnrin.

DÉLIMA: Èbúté púpọ̀, olè kan. Ṣé kò sí oògùn tí ẹ lè fún Olùdì yẹn kó padà lọ sùn?

DÓKÍTÀ: Wọ́n ń wá a. Kò tíì sí èyí tí mo lè fún yín fún ibi tí tiyín wà. Ohun tí mo lè ṣe ni pé ká gé ibẹ̀ kúrò kó tó wọlé. Kò ju ìdérí ìgò lọ. Ẹ máa sùn sílé yín lálẹ́ ọjọ́ náà. Àyè kan ṣoṣo ló kù, ẹnìkan ló yẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Ajé.

DÉLIMA: Ọjọ́ Ajé wo?

DÓKÍTÀ: Èyí tó ń bọ̀ yìí. Àyè mìíràn kò ní sí títí di ọdún tuntun.

DÉLIMA: Ṣé o mọ ohun tó ń jẹ́ Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí?

DÓKÍTÀ: Ọjọ́ kejì ọ̀sẹ̀.

DÉLIMA: Halifax.

(Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ṣépè ló ṣe sọ ọ́.)

DÉLIMA: Ọjọ́ Ìdàgèrè ni. Ajé gan-an ni mò ń lọ gbé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ la máa ń rí ìdajì ohun tí a máa jẹ lọ́dún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, n kò pa ọ̀kan jẹ. Mo da ìgèrè pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. Mo dà á ní ọ̀sẹ̀ tí mo sin Basile. Tí a bá kó ìgèrè wálé tán ní ìparí oṣù karùn-ún, màá wá. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà, agogo mẹ́jọ àárọ̀. Máa kọ ọ́.

DÓKÍTÀ: N kò lè fi ipá mú yín, Ọ̀gá.

DÉLIMA: O kò lè.

DÓKÍTÀ: Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ẹ kò ní gbé ohun wúwo fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo mọ ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ yín.

DÉLIMA: O kò mọ̀ ọ́n.

DÓKÍTÀ: N kò mọ̀ ọ́n.

(Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ tí kò jọ tinú ìwé. Ó fi bírò rẹ̀ sílẹ̀. Kò wàásù. Délima gbé àwòrán náà sórí itan rẹ̀, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì.)

DÉLIMA: Bí mo bá rí ìgèrè olè lórí omi lọ́jọ́ Ajé, ṣé màá dúró di oṣù kẹfà kí n tó ké sí àwọn aláṣẹ?

(Dókítà lanu.)

DÉLIMA: Má dá mi lóhùn. Ara mi ni mò ń bi. Títí di oṣù kẹfà, mẹ́jọ yìí á ti di mélòó?

DÓKÍTÀ: N kò mọ̀.

DÉLIMA: Èmi mọ̀. Olè tí wọn kò mú kì í dín ìgèrè rẹ̀ kù. Àìtètè mólè, olè á mólóko.

(Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú rẹ̀.)

DÉLIMA: Agogo mélòó lọ́jọ́ Ajé?

DÓKÍTÀ: Méje ààbọ̀ àárọ̀.

DÉLIMA: Nígbà yẹn, àwọn ẹgbẹ́ mi á ti wà lójú òkun. Ọkọ̀ mi kò gbọdọ̀ jókòó sílé.

DÓKÍTÀ: Tí dókítà bá kọ̀wé, ìjọba máa ń fún ẹlòmíràn láyè láti wa ọkọ̀ náà títí ara ẹni tó ni ín á fi yá.

DÉLIMA: Ta ló sọ fún ọ, ìwọ ọmọ Halifax?

DÓKÍTÀ: Ẹ̀yin kọ́ ni apẹja àkọ́kọ́ tó bá mi jà lóṣù kọkànlá.

DÉLIMA: Rhéal nìkan ló wà nílẹ̀. Ó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, ó sì tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń retí kí n ṣàìsàn. Kọ ọ́. Rhéal Doucette. Kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé tó bá ń kúrò ní èbúté, kó yí ọkọ̀ náà tẹ̀lé oòrùn. Kò gbọdọ̀ yí i lòdì sí i. Ọkọ̀ tó bá yí lòdì, òfìfo ló ń fà.

DÓKÍTÀ: Ọ̀gá, ìwé ìlera nìyí.

DÉLIMA: Ṣé kì í ṣe ìlera mi ni? Bí mo bá gbọ́ lórí ibùsùn pé Rhéal yí ọkọ̀ mi lòdì sí oòrùn, ẹ̀jẹ̀ mi á ru dé òkè àjà yìí. Àbí ẹ máa ń gé èèyàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru?

DÓKÍTÀ: A kì í gé e.

DÉLIMA: Kọ ọ́.

(Dókítà kọ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí ìlà tó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó kà á sókè.)

DÓKÍTÀ: “Nítorí ìlera aláìsàn yìí, kí Ọ̀gbẹ́ni Doucette máa yí ọkọ̀ náà tẹ̀lé ọrùn.”

DÉLIMA: Tẹ̀lé kí ni?

DÓKÍTÀ: Tẹ̀lé ọrùn.

DÉLIMA: Oòrùn ni mo wí, ọmọ mi. Èyí tó wà lókè. Tó bá lọ tẹ̀lé ọrùn, ibo ló máa gbé ọkọ̀ mi lọ?

(Dókítà fà á rẹ́, ó tún un kọ. Etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n bí lọ́bísítà tó ti jinná.)

DÉLIMA: Wọ́n ní èmi ni adití.

(Dókítà gbé ìwé mìíràn síwájú rẹ̀, èyí tó gbà pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Délima bọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì kó lè rí ibi tẹ́ ìwé náà sí. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ka ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ó gbé bírò. Ó dúró.)

DÉLIMA: Ìwọ ńkọ́?

DÓKÍTÀ: Èmi báwo?

DÉLIMA: Ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri yìí ní kí obìnrin máa ṣe àyẹ̀wò yìí ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta. Ìgbà wo ni wọ́n ha tìẹ kẹ́yìn?

DÓKÍTÀ: Ọ̀rọ̀ yín là ń sọ, Ọ̀gá.

DÉLIMA: Tèmi ti parí. Ìgbà wo?

(Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ìwé tó ti wà létòlétò tẹ́lẹ̀.)

DÓKÍTÀ: Iṣẹ́ ló pọ̀. Ogójì obìnrin ni mò ń yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ kan.

DÉLIMA: N kò bèèrè ogójì obìnrin.

DÓKÍTÀ: Ó máa tó… ó ti pé ọdún mẹ́fà.

DÉLIMA: Mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mejì lo jẹ nígbà náà.

DÓKÍTÀ: Mo jẹ kí ni?

DÉLIMA: Gbèsè. Ara rẹ lo jẹ ẹ́.

DÓKÍTÀ: Màá san án. Màá wá àyè láìpẹ́.

(Délima fọwọ́ sí ìwé tirẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó fi déètì sí i. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní kí nọ́ọ̀sì máa mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré náà bọ̀. Lẹ́yìn náà ó padà wá, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lu orí tábìlì àyẹ̀wò náà lẹ́ẹ̀mejì.)

DÉLIMA: Gùn ún, ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.